Kámẹ́rà Mi ní Ìlú Tí Pánlá Ti Ń Wá

Láti ìgbà tí mo ti padà dé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí níbi gbogbo tí mo bá yà sí ní Ẹdẹ: òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Òtútù wà níbẹ̀ o. Ó ju ohun tí ẹnu mi lè ròyìn lọ. Ṣùgbọ́n òtútù kọ́ ni mo jókòó láti kọ. Mo fẹ́ sọ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí mo lò ní abúlé apẹja kan ní òkè pátápátá ilẹ̀ Nọ́wè kò ṣe jẹ́ kí n fi iṣẹ́ fíìmù sílẹ̀, nítorí pé mo ti pinnu láti fi í sílẹ̀ kí n tó wọ bàálù.

Sìdíkátù ni orúkọ mi. Àwọn tó mọ̀ mí nílùú mọ̀ mí sí ọmọbìnrin tó ń gbé kámẹ́rà gun ọ̀kadà. Ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fíìmù ti ara mi. N kò ní ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn; èmi ni mò ń ronú rẹ̀, èmi ni mò ń yà á, èmi náà ni mò ń jókòó ti kọ̀ǹpútà láti gé e kí n sì tò ó. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni mo bá irú kámẹ́rà kan pàdé tó ní ojú yíká orí. Fíìmù tí ènìyàn bá fi í yà, a kì í wò ó lára ògiri. Awò dúdú ńlá kan ni olùwòran máa dé sójú, bí ó bá sì ti dé e tán, ó ti kúrò níbi tó wà nìyẹn. Bí ó bá wo ọ̀tún, ohun tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ibẹ̀ ni yóò rí. Bí ó bá bojú wẹ̀yìn, ẹ̀yìn ibẹ̀ ni yóò rí. VR ni àwọn tó ṣe é ń pè é. Nílé wa, fíìmù awò ni à ń pè é.

Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, ni mo fi ṣe fíìmù awò mi àkọ́kọ́. Apẹja ni wọ́n lórí odò Ọ̀ṣun, wọ́n sì ń dáko díẹ̀ pẹ̀lú. Mo gbé kámẹ́rà sínú ọkọ̀ wọn, mo sì jẹ́ kí ó máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ju àwọ̀n, bí wọ́n ṣe ń fà á, bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Ọdún méjì ni mo lò lórí fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Wọ́n fi í hàn níbi mélòó kan, wọ́n yìn mí, ó sì parí síbẹ̀. Ìyá mi kì í fepo bọyọ̀. Wọ́n bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Sìdíkátù, fíìmù tí ẹnì kan ṣoṣo ń wò lẹ́ẹ̀kan, ṣé òun náà niṣẹ́?" Iléèwé kan lọ́nà ìlú Awo ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà. Ìyá mi ló bá wọn sọ̀rọ̀, mo sì gbà pé n óò bẹ̀rẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀.

Àárín ìgbà yìí ni lẹ́tà dé. Ilé kan tó máa ń gba àwọn oníṣẹ́ ọnà lálejò ní abúlé yẹn ti rí fíìmù Bàbá Kékeré. Wọ́n ní kí n wá ṣe irú rẹ̀ nípa àwọn apẹja tiwọn. Mo sọ fún ìyá mi pé èyí ni ìgbẹ̀yìn. Bí n kò bá rí nǹkan gidi mú bọ̀, n óò ti kámẹ́rà sábẹ́ ibùsùn, n óò sì gba ṣọ́ọ̀kì olùkọ́.

Òórùn tí mo mọ̀

Tórà, obìnrin tó ń bójú tó ilé náà, ló wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú kékeré kan tí àwọn òkè oníyìnyín yí ká. Ó gba àpò mi, ó ní kí n wọ mọ́tò, ó sì wà á fún bíi wákàtí kan láìsọ̀rọ̀. Kò bi mí pé báwo ni ilé, kò bi mí pé báwo ni ọ̀nà. Ní tiwa, ẹni tó bá gba àlejò báyìí, inú ń bí i ni. Mo ń wá ibi tí mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a délé, ó bọ́ bàtà, èmi náà bọ́ tèmi. Ó gbé búrẹ́dì kalẹ̀ pẹ̀lú wàràkàṣì kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọṣẹ tó ti gbó, ó sì dúró títí mo fi gé e jẹ. Ó dùn bí ẹni pé wọ́n fi ṣúgà sè é. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní òun dákẹ́ nínú mọ́tò kí n lè sinmi ni. Pé ẹni tó ti rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ìwà rere ni kí a má fi ìbéèrè yọ ọ́ lẹ́nu.

Òórùn kan ló jí mi ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo kọ́kọ́ rò pé àlá ni mò ń lá. Òórùn ilé ìdáná ìyá mi ni, ní ọjọ́ tí wọ́n bá rẹ pánlá sínú omi gbígbóná. Mo wọ ẹ̀wù mẹ́ta léra, mo jáde. Lẹ́yìn ilé, láti ẹsẹ̀ òkè títí dé etí òkun, wọ́n ti fi igi kan àtẹ gíga gíga. Ẹja ni wọ́n so ní méjì méjì níbi ìrù, tí wọ́n fi kọ́ sórí wọn, ó lọ súà, afẹ́fẹ́ sì ń mì wọ́n. Àtẹ mìíràn wà tó jẹ́ pé orí ẹja nìkan ló wà níbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń jẹ pánlá, n kò sì bi ara mi rí pé omi wo ni wọ́n ti ń pa á.

Tórà bá mi níbi tí mo ti ń wò ó. "Àwọn orí yẹn," ó wí, "ọ̀dọ̀ yín ni gbogbo wọn ń lọ." Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ẹrù han ẹni tó ni ín. Ó ní bí ọmọdé níbẹ̀ bá ń kọ́ orúkọ ilẹ̀ òkèèrè, Nàìjíríà wà lára èyí tó kọ́kọ́ ń mọ̀. Mo dúró síbẹ̀ títí etí mi fi kú. Èmi tí mo rò pé mo ti jìnnà sílé, àṣé ọbẹ̀ wa ti ní mọ̀lẹ́bí níbẹ̀ kí n tó dé.

Bàbá Ola

N kò lè ṣe fíìmù náà bí n kò bá rí ọkọ̀ tí yóò gbé mi lọ sójú òkun. Apẹja mẹ́ta ni Tórà mú mi lọ bá. Ẹni àkọ́kọ́ ní àyè kò sí. Ẹnì kejì ní bí òun bá gbé ẹni tí kò mọ òkun, ẹni náà ni òun yóò máa ṣọ́ dípò ẹja. Ẹnì kẹta fi ọwọ́ tọ́ka sí ilé pupa kan létí omi, ó ní kí n lọ bá Ola. Bí Ola bá kọ̀, kí n má wulẹ̀ bi ẹlòmíràn mọ́.

Orúkọ náà mú mi dúró. Mo bi Tórà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà. Ola ni lóòótọ́. Orúkọ ọkùnrin ni lọ́dọ̀ wọn, láti ayébáyé.

Bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni a bá nínú ilé pupa náà. Wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n ń to ìwọ̀ sára okùn. Tórà ṣàlàyé ohun tí mo wá ṣe. Wọn kò gbójú sókè. Wọ́n ní ọkọ̀ àwọn kò gba àlejò. Kí n má bàa yí padà lọ́wọ́ òfo, mo ní kí Tórà sọ fún wọn pé orúkọ wọn wà lọ́dọ̀ wa náà, pé iyì àti ọ̀wọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n rò ó díẹ̀. "Níbí," wọ́n wí, "orúkọ bàbá bàbá mi lásán ni." Wọ́n sì padà sídìí okùn wọn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè wọ́n ní Bàbá Ola. Àwọn ará ibẹ̀ kì í fi nǹkan kan ṣáájú orúkọ àgbà, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, n kò ya nǹkan kan ju òkè àti ẹyẹ lọ. Èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú ní abúlé náà, èmi nìkan ni mò ń bo orí nítorí ẹ̀sìn. Síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó tilẹ̀ dùn mí nìyẹn. Ní Ẹdẹ, bí òyìnbó bá ń kọjá, àwọn ọmọdé á tẹ̀ lé e, àwọn àgbà á kí i, ẹlòmíràn á ní kó wá jókòó. Níhìn-ín, bí mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wọn á yí ojú sí ẹrù tí wọ́n fẹ́ rà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bí mo bá ṣubú sójú yìnyín, ẹ̀gbẹ́ mi ni wọn yóò gbà kọjá.

Ìkòkò lẹ́nu ọ̀nà

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni oṣù ààwẹ̀ wọlé. Mo sọ fún Tórà kí inú má bàa bí i bí n kò bá bá a jẹun ọ̀sán. Ó bi mí bí n óò ṣe máa mọ ìgbà tí n óò ṣínu. Mo ní bí òòrùn bá ti wọ̀ ni. Ó mi orí, ó ní kí n ṣọ́ra, nítorí pé ní àkókò ọdún yẹn, òòrùn tiwọn máa ń fi bí ìṣẹ́jú mẹ́fà pẹ́ sí i lójoojúmọ́ kí ó tó wọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe gbé èso dàbínù àti omi síwájú, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí yìnyín. Nígbà tí n óò fi ṣí ilẹ̀kùn, kò sí ẹnì kankan. Ìkòkò kékeré kan ló wà nílẹ̀, wọ́n fi aṣọ wé e kí ó má bàa tutù. Ọbẹ̀ ẹja ni, funfun gbòò, pẹ̀lú pọ̀tétò nínú. Kò ní ata rárá. Mo bu ata gbígbẹ tí mo gbé láti ilé sí i, mo sì lá ìkòkò náà mọ́ tónítóní.

Ìkòkò mìíràn dé lọ́jọ́ kejì rẹ̀, òmíràn lọ́jọ́ kẹta. Àwọn ìkòkò náà kò jọra, ṣùgbọ́n ìgbà tí òòrùn bá wọ̀ gan-an ni wọ́n ń dé. Wọn kì í yá, wọn kì í pẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkókò náà ń sún síwájú lójoojúmọ́. Tórà ní òun kọ́. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ kan, mo gbé ọ̀kan tí mo ti fọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo bi obìnrin tó ń tajà níbẹ̀ bóyá ó mọ ẹni tó ni ín. Ìtìjú mú ojú rẹ̀ pọ́n. Ó jẹ́wọ́ pé tòun ni, pé ilé mẹ́ta ló ń pín in sè, pé ẹnu Tórà ni àwọn ti gbọ́ nípa ààwẹ̀ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ bí a ti ń dúpẹ́ nílé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ó ṣẹ́kù ni," ó wí.

Mo rìn padà sílé, mo ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi. Àwọn tí mo rò pé wọn kò rí mi, wọ́n ń ka ìṣẹ́jú òòrùn nítorí mi.

Ọwọ́ òsì

Tórà ló dá a lábàá pé kí n fi fíìmù Bàbá Kékeré han àwọn ará abúlé. A gba gbọ̀ngàn iléèwé àtijọ́ kan, a to àga márùn-ún, a fi awò kọ̀ọ̀kan sórí wọn. Mo rò pé bóyá ẹni mẹ́ta ni yóò wá. Gbogbo abúlé ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tán síbẹ̀. Wọ́n tò láìpariwo, wọ́n wò ó ní márùn-ún márùn-ún. Ẹni tó bá bọ́ awò á mi orí sí mi, á sì jáde. N kò mọ̀ bóyá wọ́n gbádùn rẹ̀.

Bàbá Ola ló wọlé kẹ́yìn. Mo dé awò sí wọn lójú, mo so ó, mo sún sẹ́yìn. Wọn kò jókòó. Nígbà tí ọkọ̀ Bàbá Kékeré fẹ́ gba àárín òkúta méjì kọjá nínú odò, mo rí i tí Bàbá Ola fi ara tẹ̀ sí ọ̀tún, bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ náà. Fíìmù parí, wọn kò bọ́ awò. Wọ́n ní kí n tún un bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá bọ́ ọ, wọ́n bi mí ní ìbéèrè, Tórà sì ń túmọ̀ rẹ̀. "Ta ni ọkùnrin yẹn?"

Mo ní àbúrò bàbá mi ni.

"Ọwọ́ òsì ló fi ń fa àwọ̀n. Kí ló ṣe ọ̀tún?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ìlú mẹ́rin ni mo ti fi fíìmù yẹn han àwọn ènìyàn. Wọ́n ti bá mi sọ̀rọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀, nípa ẹwà odò, nípa ilẹ̀ Áfíríkà. Kò sí ẹni tó béèrè ọwọ́ Bàbá Kékeré rí. Mo sọ fún Bàbá Ola pé ọ̀kadà ló kọlù wọ́n lọ́pọ̀ ọdún sẹ́yìn, pé egungun apá náà kò jinná dáadáa, pé wọ́n ní láti fi òsì tún iṣẹ́ kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá Ola gbé ọwọ́ ọ̀tún tiwọn sókè kí n rí i. Ìka méjì kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fa okùn ló gé wọn.

"Aago márùn-ún ìdájí ọ̀la," wọ́n wí. "Wọ aṣọ tó nípọn."

Lórí omi

Mo pe ìyá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ní ẹ̀rù ń bà mí láti gbààwẹ̀ lórí òkun. Wọ́n jẹ́ kí n rojọ́ tán. "Arìnrìn-àjò ni ọ́," wọ́n wí. "Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti yọ̀ǹda rẹ. Jẹun kí o tó lọ, wàá san ààwẹ̀ náà padà tó o bá délé. Má lọ dákú mọ́ àwọn ẹni ẹlẹ́ni lọ́wọ́."

Mo jẹun lóòótọ́, òkun sì gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ìgbì tó ń bọ̀ ga ju òrùlé ilé wa lọ. Mo fẹ̀yìn ti ògiri yàrá ọkọ̀, mo ń bì, mo ń ké pe orúkọ Ọlọ́run. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń bá Bàbá Ola ṣiṣẹ́ kò fi mí rẹ́rìn-ín, wọn kò sì kí mi kú ìyà. Ọ̀kan kàn na korobá sí mi láìwo ojú mi, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà yẹn, mo ti mọ̀ pé inú rere ni.

Mo rọ́jú, mo gbé kámẹ́rà dúró. Omi òkun ń ta sí i, nítorí náà mo ń gbé e wọnú yàrá ọkọ̀ tó gbóná láti nù ún, mo sì ń tún gbé e jáde. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó rí aburú tí mo ti ṣe. Ooru inú yàrá ti mú kí ìrì bo ojú kámẹ́rà, òtútù ìta sì ti sọ ìrì náà di yìnyín. Gbogbo ohun tí mo yà lọ́jọ́ náà, bí ẹni ń wo nǹkan láti inú ọ̀rá ni. Kò sí ìṣẹ́jú kan tó ṣeé lò. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo sunkún bí ọmọdé, mo sì ń rí ara mi níwájú pátákó ìkọ̀wé lọ́nà Awo.

Ní àárọ̀, mo mú Tórà dání lọ sí ilé pupa láti lọ jẹ́wọ́. Mo ti ń gbọ́ èsì wọn nínú ọkàn mi kí n tó débẹ̀: a gbé ọ lọ, o ò rí nǹkan ṣe, ó tó. Bàbá Ola gbọ́ mi dópin. Wọ́n bi mí bóyá mo ti mọ ohun tó fà á. Mo ní mo ti mọ̀ ọ́n.

"Ẹja ò tíì tán," wọ́n wí, wọ́n sì na ife kọfí sí mi. Wọ́n tún rántí pé mò ń gbààwẹ̀, wọ́n gbé e padà sí ọ̀dọ̀ ara wọn.

Mo tún lọ, mo sì tún lọ. Ìyà òkun fi mí sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Ìṣòro tó kù wá jẹ́ èmi fúnra mi. Kámẹ́rà tó ń wo gbogbo àyíká kò ní ẹ̀yìn. Kò sí ibi tí olùdarí eré lè dúró sí tí kò ní rí i. Nígbà tí mo ń ya Bàbá Kékeré, ẹ̀yìn igi kan létí odò ni mo sá sí. Nínú ọkọ̀ yìí, abẹ́ tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù ni mò ń dùbúlẹ̀ sí, láàárín agbọ̀n ẹja, títí wọn yóò fi fa okùn tán.

Lọ́jọ́ kẹrin, Bàbá Ola ká tapólì náà kúrò lórí mi. Ìwọ̀nba gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n fi bá mi sọ̀rọ̀. "Kí lò ń sá fún?"

Mo ní n kò fẹ́ wà nínú fíìmù ni.

Wọ́n ju ẹ̀wù rọ́bà kan sí mi, wọ́n ju ìbọ̀wọ́ tẹ̀ lé e, wọ́n sì fi ọ̀bẹ tọ́ka sí òkìtì ẹja tó wà nílẹ̀. "Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kì í dí ẹnikẹ́ni lójú."

Bí mo ṣe wọ inú fíìmù ara mi nìyẹn. Mo fi kámẹ́rà sórí igi rẹ̀ láàárín wa, ní ìwọ̀n gíga ènìyàn, bí òṣìṣẹ́ karùn-ún. Mo ń la inú ẹja, mo ń kó ẹ̀dọ̀ sọ́tọ̀, ẹyin sọ́tọ̀. N kò mọ̀ ọ́n ṣe, nítorí náà mo ń béèrè, wọ́n sì ń dá mi lóhùn. Ọkùnrin tó na korobá sí mi fi hàn mí bí a ti ń di ọ̀bẹ mú kó má bàa yọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbàgbé kámẹ́rà, èmi náà gbàgbé rẹ̀. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lábẹ́ ẹnu, orin gígùn kan tí n kò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi rò pé iṣẹ́ mi ni kí n fara pamọ́ kí òótọ́ lè jáde. Mo wá rí i nínú ọkọ̀ yẹn pé ìdí nìyí tí Bàbá Kékeré fi dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù àkọ́kọ́ títí dé òpin. Ta ni wọn ì bá bá sọ̀rọ̀? Èmi tí mo mọ̀ wọ́n jù wà lẹ́yìn igi.

Orin inú ọkọ̀

Ní ọjọ́ mélòó kan kí n tó kúrò níbẹ̀, mo fi fíìmù tuntun náà hàn ní gbọ̀ngàn kan náà. Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jókòó. Ọkọ rẹ̀ ni ọkùnrin oníkorobá. N kò tètè mọ̀. Ó dé awò, ó ń wo ìsàlẹ̀, ó ń wo òkè, lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan. Kò sí ohun kan níbẹ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tó bọ́ awò, kò yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́tẹ̀ yìí. Ó wò mí tààrà. Ó ní ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí àwọn ti jọ ń gbé, òun kò sì tíì bá a lọ sójú omi rí.

"N kò mọ̀ pé ó máa ń kọrin," ó wí.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn apẹja kan ní etíkun náà gba fíìmù yẹn kí n tó wọ bàálù, wọ́n ní ibẹ̀ ni yóò máa wà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó. Lẹ́yìn náà ni ayẹyẹ fíìmù méjì kọ̀wé sí mi. Inú mi dùn sí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá bi mí ibi tí mo ti mọ̀ pé n kò ní gba ṣọ́ọ̀kì mọ́, ẹnu obìnrin yẹn ni.

Bàbá Ola bọ̀ mí lọ́wọ́ nígbà tí mo ń lọ. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí ọkùnrin ọlọ́wọ́ òsì. Ìyẹn nìkan ni wọ́n sọ.

Ilé

Ẹdẹ gbóná mọ́ mi lára bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹni mọ́kànlá ti bi mí pé báwo ni ọ̀nà, mo sì dá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lóhùn tayọ̀tayọ̀.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo ní kí Bàbá Kékeré jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo dé awò sí wọn lójú. Ìyá mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń já ewébẹ̀, wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò wò wá. Bí Bàbá Kékeré ti bá ara wọn láàárín ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin yẹn, ohun tí ènìyàn máa ń ṣe tó bá bá àwọn ẹlòmíràn lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ṣe.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n wí.

Wọ́n dúró díẹ̀ fún èsì. Nígbà tí kò dé, wọ́n ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ pọ̀, bóyá wọn kò gbọ́ ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n yí orí, wọ́n sì rí mi nínú ẹ̀wù rọ́bà pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. "Sìdíkátù, ta ló kọ́ ọ báyẹn? Ọ̀bẹ yẹn á gé ọ o." Ìyá mi ju ewébẹ̀ sílẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi nu ojú. Wọ́n ní kí n wá dé e fún àwọn náà.

Mo jíṣẹ́ Bàbá Ola. Mo sọ fún Bàbá Kékeré pé nínú gbogbo ẹni tó ti wo fíìmù wọn, bàbá yẹn nìkan ló rí ọwọ́ wọn. Wọ́n wo apá ọ̀tún náà, wọ́n rọra fi ọwọ́ òsì ra á, wọ́n dìde, wọ́n lọ kírun Àsárì.

Ìyá mi fúnra wọn ló lọ sí iléèwé ọ̀nà Awo lọ́jọ́ Ajé láti lọ sọ fún wọn pé n kò ní lè wá. N kò rán wọn. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní àwọn ti sọ fún ọ̀gá iléèwé náà pé mo níṣẹ́ lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, n kò tíì jẹun àárọ̀ tí Bàbá Kékeré fi dé, wọ́n ti múra. Wọ́n ní obìnrin àgbà kan wà ní ìlú Ara tó ṣì ń fọwọ́ mọ ìkòkò; pé àwọn tí wọ́n jọ ń mọ ọ́n ti kú tán, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì kọ́ ọ. Wọ́n ti lọ bá a lánàá, wọ́n ti ṣàlàyé awò fún un bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n. Kò yé e, ṣùgbọ́n ó ní kí a máa bọ̀.

"Gbé nǹkan rẹ ká lọ," wọ́n wí. "Iṣẹ́ tó ń fẹ́ kíá ni iṣẹ́ rẹ yìí."

Ọ̀kadà méjì ni a gùn. A bá Màmá náà lábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn ilé wọn, amọ̀ tútù wà níwájú wọn, wọ́n sì ń wo àpò ẹ̀yìn mi pẹ̀lú ìfura. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Mo gbé kámẹ́rà dúró sórí igi rẹ̀, n kò sì wá ibi tí n óò sá sí. Mo ká apá aṣọ mi sókè, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo sì bi wọ́n pé níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀.